Wọ́n Ní Kó Máa Kó Gọ́tà: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọ?

Nínú lẹ́tà tó wọlé láti Ìkòròdú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìlú ló pọ̀ jù. Iṣẹ́ ìlú ni ìdájọ́ tí kóòtù fi ń sọ fún ẹni tó jẹ̀bi pé kò ní lọ sẹ́wọ̀n, kó máa ti ilé rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ fún ará ìlú, kí òṣìṣẹ́ ìjọba sì máa ṣọ́ ọ títí iṣẹ́ náà á fi pé. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò nínú wọn.

Ọmọ mi, ẹni ọdún 21, jí fóònù ní Ṣábó. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, adájọ́ májísíréètì sì ní kó ṣe iṣẹ́ ìlú fún oṣù kan. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé mo ti fún adájọ́ lówó ẹ̀yìn. Ṣé ìdájọ́ gidi ni èyí? Kí ni kí n ṣe kí wọ́n má bàa wá gbé e padà? — Ìyá kan, Agric

Ìyá wa, ìdájọ́ gidi ni. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó jáde ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2011, ló fún adájọ́ lágbára bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tiwọn ní 2015. Irú iṣẹ́ tí òfin kà sílẹ̀ ni gbígé koríko, fífọ gọ́tà, gbígbá ibi tí gbogbo ayé ń lò, iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́, àti iṣẹ́ mìíràn tí adájọ́ bá rí i pé ó lè tún ìwà ẹni náà ṣe. Ẹni tí wọ́n bá dá iṣẹ́ ìlú fún kò tún ní ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Àmọ́ bó bá sá tàbí tó kọ̀ láti ṣe é, kóòtù lè fi ẹ̀wọ̀n dí ìyókù àkókò tó kù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Kí ẹ tó kúrò ní ọgbà kóòtù, ẹ gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò lórí rẹ̀: orúkọ ọmọ bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ibi iṣẹ́, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí, àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ ọ. “Oṣù kan” tí kò ní iye wákàtí nínú máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, torí ẹnì kan á ní ojoojúmọ́ ni, ẹlòmíràn á ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí agbẹjọ́rò yín bẹ kóòtù lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ọ̀kan ní ibi iṣẹ́.

Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kó pe òṣìṣẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó sì mú ìwé ilé ìwòsàn wá nígbà tó bá padà. Bí ẹ bá kó lọ ilé mìíràn tàbí tó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, kó sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ lọ bá a ṣe é lọ́jọ́ kankan o. Àwọn òbí kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àánú, ṣùgbọ́n lójú kóòtù, ìrẹ́jẹ ni.

Kóòtù rán ọ̀dọ́kùnrin méjì sí àdúgbò wa kí wọ́n wá kó gọ́tà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, a kò rí òṣìṣẹ́ kankan mọ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká kàn buwọ́ lùwé fún wọn lápapọ̀ tó bá di ìparí. Kí ló tọ́? — Akọ̀wé CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), Ìgbógbó

Ẹ má ṣe buwọ́ lù ú lápapọ̀. Ìwé tí wọ́n fi bíírò kan náà kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí gbogbo ọjọ́ rí bákan náà, adájọ́ tó bá wò ó fínnífínní yóò mọ̀ pé ìjókòó kan ni wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì yín nìkan kọ́ ló máa jìyà rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá tún dé iwájú rẹ̀ láti Ìgbógbó ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ ra ìwé nóòtù ńlá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi rúlà fa ìlà sí ojú ewé rẹ̀ kó di ojú méje: ọjọ́, aago tó dé, aago tó lọ, iṣẹ́ tó ṣe, àròpọ̀ wákàtí títí di ọjọ́ yẹn, ìbuwọ́lù ẹni tó ṣiṣẹ́, ìbuwọ́lù ẹni tó ṣọ́ ọ. Ojú ìṣírò karùn-ún yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń fòpin sí àríyànjiyàn. Ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé, ẹ má ṣe ya ewé kankan kúrò. Bí wọ́n bá ṣàṣìṣe, kí wọ́n fa ìlà kan la àṣìṣe náà kọjá, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí wọ́n má fi nǹkan funfun pa á rẹ́. Lábẹ́ “iṣẹ́ tó ṣe”, “ó kó gọ́tà” kò tó. Ẹ kọ “ó kó gọ́tà láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé dé ojú afárá kékeré, ìṣísẹ̀ 40, àpò ẹrọ̀fọ̀ 12.” Ohun tí ẹnikẹ́ni lè lọ fi ojú ara rẹ̀ wò nìyẹn.

Ẹ pín wákàtí wọn ní ọ̀nà tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn kò fi ní bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 60, wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló máa gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ní kí iṣẹ́ ìlú má ju wákàtí márùn-ún lọ lóòjọ́, kó má ju oṣù mẹ́fà lọ, kó sì sún mọ́ ibi tí ẹni náà ń gbé bó bá ti lè ṣe é ṣe tó. Ẹ fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, kódà bó jẹ́ òfin Èkó ni wọ́n fi dá ẹjọ́ tiyín. Aago méje sí mọ́kànlá àárọ̀ ló dára jù, torí oòrùn á ti mú lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ iṣẹ́ á sì tún rí ọ̀sán lò fún iṣẹ́ tirẹ̀.

Irin iṣẹ́: ṣọ́bìrì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bárò kan fún àwọn méjèèjì, àpò ìrẹsì àlòkù, bàtà òjò tó dé orúnkún, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, omi àti ọṣẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ lásán kó gọ́tà. Ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ wà nínú ẹrọ̀fọ̀ yẹn. Bí ọmọ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tí kóòtù rán an, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n kó jáde kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́bàá gọ́tà: kí omi rẹ̀ ro, kí wọ́n dì í sápò, kí wọ́n gbé e kúrò. Òjò kan péré tó láti gbá a padà sínú gọ́tà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan á sì di asán. Lóṣù kẹfà àti ìkeje, ẹ tètè ṣètò ọkọ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ akólẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ kọ ìròyìn tí kò ju ìdajì ojú ewé lọ: wákàtí tó ti ṣe, èyí tó kù, ọjọ́ tí kò wá àti ìdí rẹ̀. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín. Ẹ má dúró de òṣìṣẹ́ tí kò wá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn náà pé kò wá, láìbú u.

Ohun mẹ́ta tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ní àdúgbò: alága á mú wọn lọ ro oko tirẹ̀ tàbí tún iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ṣe, àwọn ọmọdé á máa pariwo “olè” tẹ̀lé wọn, ẹnìkan á ya fọ́tò wọn sórí Facebook tàbí WhatsApp. Ìdájọ́ kóòtù ni iṣẹ́. Ìtìjú gbangba kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí gbogbo ọjà ti mọ̀ sí olè, ta ló máa gbà á síṣẹ́ lọ́la? Ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀, wọn kì í padà wá parí wákàtí wọn.

Agbẹjọ́rò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú fún ẹni tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Adájọ́ á ní òun ti gbọ́, á wá fi oṣù mẹ́ta ní Kírikírì dá a lẹ́jọ́. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba á máa mi orí. Òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan sọ fún mi pé “ìwé lásán” ni ọ̀rọ̀ náà. Kí ló dé tí àwọn tó yẹ kó gbé òfin yìí ró kò fẹ́ràn rẹ̀? — Agbẹjọ́rò, Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ohun tó ń dun adájọ́ kọ́ ló ń dun ọlọ́pàá.

Adájọ́ kọ́kọ́. Bí ó bá rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n, ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: ìwé àṣẹ á dé ẹnu géètì, wọ́n á ka orí rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á kà á lálẹ́, ọjọ́ tó máa jáde ti wà lákọsílẹ̀. Bí ó bá bu owó ìtanràn, rìsíìtì á padà sínú fáìlì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú? Ó buwọ́ lù ú, ẹni náà jáde, kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò mọ̀ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Èyí tó parí wákàtí rẹ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, adájọ́ kò ní rí i láéláé. Èyí tó tún jalè ló máa padà wá dúró níwájú rẹ̀. Bí ọdún méjì bá kọjá báyìí, àwọn tó kùnà nìkan ló ti rí, á sì gbà tọkàntọkàn pé nǹkan náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí tó rí ló ń bá lọ. Ìwà ìkà kọ́ ni.

Ẹ fi ẹ̀rù àhesọ kún un. Ẹ ti rí ohun tí ìyá Agric kọ lókè. Adájọ́ pàápàá mọ̀ pé ìlú á ní wọ́n ti rìn ín. Ẹ sì tún fi àkókò kún un: ẹjọ́ pọ̀ lórí tábìlì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi, kò sì sí ìwé kankan níwájú rẹ̀ tó sọ ẹni tí ẹni yìí jẹ́, ibi tó ń gbé àti ẹni tó lè mú un dúró. Nígbà tí ènìyàn kò bá mọ nǹkan kan nípa ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ibi tó ní géètì ni ọkàn rẹ̀ ń lọ.

Ọlọ́pàá ní ìrora tirẹ̀, kò sì yẹ ká fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá ẹni náà kiri, ó mú un, ó kọ ìwé, ó dúró ní kóòtù. Lọ́jọ́ kejì ó bá a pàdé lórí ọ̀kadà ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Olóhun á sì wá bá a ní àgọ́ pẹ̀lú ariwo pé “ẹ ti fi í sílẹ̀!” Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ìdájọ́ náà jẹ́ fún òun tàbí fún olóhun. Ẹ lè tún ìyẹn ṣe fúnra yín láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún: lẹ́yìn ìdájọ́, ẹ fún ọlọ́pàá náà ní ẹ̀dà ìwé àṣẹ, kó lè rí nǹkan fi han ẹni tó bá wá.

Ti òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n jinlẹ̀ jù. Láti 1872 tí wọ́n ti dá ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street sílẹ̀ ní Èkó, títì àti kíkà ni iṣẹ́ náà. Ó di 2019 kí òfin tó yí orúkọ wọn padà sí Nigerian Correctional Service, kó sì pín wọn sí apá méjì: apá tó ń tọ́jú àwọn tó wà lọ́gbà, àti apá tó ń mójú tó àwọn tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn láti ilé, bíi iṣẹ́ ìlú, ìṣọ́ láti ilé, párólù (ìtúsílẹ̀ kí ẹ̀wọ̀n tó pé, pẹ̀lú ìṣọ́), àti ìpẹ̀tùsíjà láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti di kọ́kọ́rọ́ mú, tí ẹ wá ní kó máa wọ dáńfó láti Ṣábó dé Ìjẹ̀dẹ̀ láti wo ẹni mẹ́rin tó ń gbálẹ̀, láìsí owó ọkọ̀ àti owó káàdì fóònù, á máa wò ó bí ibi tí wọ́n jù ú sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló yẹ kó fẹ́ràn rẹ̀ jù, torí ọgbà kún. Bíi ẹni méje nínú mẹ́wàá tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́, òfin 2019 yìí kan náà sì fún ọ̀gá ọgbà lágbára láti kọ ẹlẹ́wọ̀n tuntun bí àyè bá ti tán.

Ó kù ẹ̀yin agbẹjọ́rò, ẹ má bínú. “Olúwa mi, ẹ ṣàánú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí” kò fún adájọ́ ní nǹkan tó lè dì mú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ẹ mú fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání: lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ CDA tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó gbà láti gbà á, tó dárúkọ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, àdírẹ́sì rẹ̀ tí ẹnìkan ti lọ wò, onídùúró kan tó bá a gbé ládùúgbò, ọjọ́ àti aago tó lè ṣiṣẹ́, iye wákàtí tí ẹ ń béèrè fún, àti ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín máa mú ìròyìn padà wá. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló wúwo jù. Ẹ bẹ adájọ́ kó dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ náà sínú àṣẹ rẹ̀.

Kì í ṣe àbá lásán. Ní 1841 ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan tó ń ṣe bàtà, John Augustus, dúró fún ọ̀mùtí kan tí wọ́n fẹ́ rán lọ sẹ́wọ̀n. Adájọ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ pé, Augustus mú ọkùnrin náà padà wá, ojú rẹ̀ ti dá, aṣọ rẹ̀ mọ́, adájọ́ sì bu ìtanràn sẹ́ǹtì kan péré lé e lórí pẹ̀lú owó kóòtù. Láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún tó tẹ̀ lé e, ó dúró fún ẹni tó ju 1,900 lọ, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn àti ọjọ́ ìpadàbọ̀ ló mú kí kóòtù gbà á gbọ́, ibẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ Massachusetts ti gbéra tí wọ́n fi ṣòfin sísan owó oṣù fún aṣọ́ni ní 1878. Nítòsí wa, Zimbabwe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlú ní nǹkan bíi 1992, wọ́n sì fi adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Kenya ṣe òfin tiwọn ní 1998, Uganda ní 2000. Ibi tí adájọ́ bá ti jókòó nínú ètò náà, tó ń rí ìròyìn, kì í pè é ní ìwé lásán.

Ẹni tó yẹ kó buwọ́ lùwé fún mi ní kí n máa mú ₦2,000 wá lójoojúmọ́, pé kí n má ṣèyọnu wíwá. Ṣé kí n san án? — Ọ̀dọ́ kan, Ẹ̀bútẹ́ Ìkòròdú

Ẹ má san án. Owó tí ẹ bá san kò ní rìsíìtì, ọjọ́ tí ẹnìkan bá wá yẹ ibi iṣẹ́ wò, ẹ̀yin ni wọn kò ní bá níbẹ̀. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kódà bí kò bá buwọ́ lù ú, kí ẹlòmíràn níbẹ̀, bíi olórí agbálẹ̀ tàbí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tòsí, buwọ́ lu ìwé tiyín pé òun rí yín. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an sílẹ̀ kí ó tó di alẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù tó fún yín ní ìwé àṣẹ, pẹ̀lú agbẹjọ́rò. Bí ẹ kò bá ní owó agbẹjọ́rò, Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń pè ní OPD, kì í gba owó.

Jẹnẹrétọ̀ mi ló jí. Wọ́n ní kó máa gbálẹ̀ ọjà. Kí ló kàn mí nínú gbígbá ilẹ̀? — Oníṣòwò, Ìta-Ẹlẹ́wà

Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Kóòtù lè pàṣẹ pé kó san owó nǹkan yín pẹ̀lú iṣẹ́ ìlú, àmọ́ ó dára kí ẹnìkan bẹ̀bẹ̀ fún un kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá tó ń rojọ́ náà ṣáájú, ẹ mú rìsíìtì jẹnẹrétọ̀ náà tàbí ìwé iye tí wọ́n ń tà á báyìí lọ́jà. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lójúkojú níwájú onílàjà, ètò wà fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ipá mú yín. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Síbẹ̀ a lè ti kóòtù bọ̀ ká gba owó wa. Ẹni tó wà ní Kírikírì kò lè rí owó san, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń fi èyí tí wọ́n ní wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ Máìlì 12, Òṣòdì, Máìlì 2, kí wọ́n lè rí i.

Bí ó bá jẹ́ ₦60,000, ₦5,000 lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ 12 ló máa pé. Ẹ jẹ́ kó máa san án ní ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, kí ẹ̀yin àti òun máa gba ìwé. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, torí nígbà tí ìjà bá dé, òun á ní òun ti san mẹ́wàá, ẹ̀yin á ní mẹ́jọ ni. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò san, ẹ má mú ọlọ́pàá lọ sílé rẹ̀. Kóòtù tó dá ẹjọ́ náà ni kí ẹ padà sí, pẹ̀lú àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ yín.